Báàjì Ẹrú Alágbàṣe
Bàbà. Charleston, South Carolina, Amẹ́ríkà. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Àtẹ́lẹwọ́ lè bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n lu ihò sí i lórí kí ó lè ṣeé so mọ́ aṣọ, wọ́n sì tẹ orúkọ ìlú, ọdún, nọ́ńbà àti iṣẹ́ sí i lára: ọmọ-ọ̀dọ̀, alárù, apẹja, oníṣẹ́ ọwọ́.

Òfin Charleston ni pé ẹrú tí olówó rẹ̀ bá fi ṣe àgbàṣe fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní báàjì yìí. Ọdọọdún ni olówó ẹrú ń rà á lọ́wọ́ ìjọba ìlú. Ti oníṣẹ́ ọwọ́ wọ́n ju ti ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi ẹni tó wọ̀ ọ́ wé ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà mọ gbèsè tó ń sìn, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá san án ni òun bọ́. Ẹni tó wọ báàjì yìí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ àpò olówó rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn àwọn báàjì kan, orúkọ alágbẹ̀dẹ fàdákà tó ṣe wọ́n, Lafar, ṣì hàn kedere. Orúkọ ẹni tó so ó mọ́ra kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn, torí ọwọ́ irú àwọn ẹrú wọ̀nyí ló kọ́ ilé Charleston, tó kó ẹrù ọkọ̀ òkun rẹ̀, tó sì bọ́ ọ.

Òfin náà dópin ní 1865, nígbà tí oko ẹrú fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìlú náà.