Àlejò inú ẹ̀dọ̀ eku

Bí àfòmọ́ bá hù lórí igi obì, gbòǹgbò rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ara igi tó gbé e ni ó ti ń mu omi, ibẹ̀ náà ni ó ti ń jẹun. Àwọn ẹranko pẹ̀lú ní àfòmọ́ tiwọn. Aràn ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Eku ilé, ẹmọ́, òkété àti ọ̀yà, gbogbo wọn ni àfòmọ́ báyìí lè máa gbé inú wọn.

Ẹni tó mú eku bọ̀ láti oko lè rò pé ara ẹran náà dá ṣáká. Irun rẹ̀ ń dán, ó sì sanra. Ìgbà tí wọ́n bá la inú rẹ̀ ni wọn yóò rí nǹkan mìíràn. Nígbà mìíràn, àmì funfun yóò wà káàkiri lára ẹ̀dọ̀, bí ìgbà tí ìyẹ̀fun bá ta sí i. Nígbà mìíràn, kókó funfun kan tó tó hóró ẹ̀wà ni wọn yóò bá níbẹ̀. Aràn ni ó fa méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe aràn kan náà.

Kókó yẹn jẹ́ ilé ọmọ aràn pẹlẹbẹ kan. Inú ìfun ológbò ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ẹyin aràn náà ń bá ìgbẹ́ ológbò jáde, eku á sì jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Ọmọ tó jáde nínú ẹyin yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀ eku, yóò sì fi awọ bo ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti máa dúró de ọjọ́ tí ológbò mìíràn yóò pa eku náà jẹ. Eku lè gbé e fún oṣù púpọ̀ láìṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí kókó bá pọ̀, wọ́n ń fún ẹ̀dọ̀ pa. Nínú eku tó ti dàgbà, ó lè di jẹjẹrẹ.

Aràn tó fa àmì funfun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Capillaria hepatica. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ẹran ẹ̀dọ̀ gan-an ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, ẹyin náà kò sì rí ọ̀nà jáde. Àfi kí eku kú kí ó jẹrà, tàbí kí ẹranko mìíràn pa á jẹ, kí ẹyin sì bá ìgbẹ́ ẹranko náà bọ́ sí ilẹ̀. Nínú ilẹ̀ ni ẹyin yóò ti gbó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó tó lè mú eku mìíràn. Ara eku ń fi àpá yí àwọn ẹyin náà ká. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ tó rọ̀ á di líle.

Ọ̀nà tí aràn ń gbà jáde máa ń fi ìwà rẹ̀ hàn. Aràn tí ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ eku jáde lójoojúmọ́ nílò eku tó ń rìn, tó sì ń jẹun. Ìpalára rẹ̀ sábà máa ń kéré. Ní ti èyí tó gbọ́dọ̀ dé inú ológbò, ikú eku ni ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀kan wà tó ń yí ìwà eku padà. Ní ọdún 1908, ní ìlú Tunis, Charles Nicolle àti Louis Manceaux rí ẹ̀dá kékeré kan nínú ara gundi, eku kan tó ń gbé láàárín àpáta ní àríwá Áfíríkà. Toxoplasma gondii ni wọ́n sọ ọ́. Ó tó 60 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn onímọ̀ tó rí i dájú pé ìgbẹ́ ológbò ni ó ń bá jáde. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òórùn oríṣiríṣi sí igun ibi tí eku ń gbé. Eku tí ara rẹ̀ dá sá fún igun tó ní ìtọ̀ ológbò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní Toxoplasma kò sá mọ́. Òmíràn tilẹ̀ ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́.

Toxoplasma ń mú ènìyàn pẹ̀lú, nípa ẹran tí kò jinná tàbí ìgbẹ́ ológbò tó kan oúnjẹ. Aboyún ni ó yẹ kó ṣọ́ra jù, nítorí ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Kí ẹran jinná dé egungun, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ.

Ti ẹ̀dọ̀ tó ní àmì funfun yàtọ̀. Ẹyin inú rẹ̀ kò tíì gbó, nítorí náà kì í mú ẹni tó jẹ ẹ́; yóò kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ibi tí wọ́n da ìfun àti ẹ̀dọ̀ náà sí ni ewu wà. Bí wọ́n bá jù ú sí ẹ̀yìn ilé, ẹyin á gbó sínú erùpẹ̀, ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ á sì fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Kí wọ́n sun ún, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn bò ó. Kí wọ́n má sì fi tútù fún ológbò tàbí ajá.

Àwọn tó ń sin ọ̀yà ní Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ nínú èyí. Koríko tí wọ́n gé níbi tí ológbò àti ajá ń yàgbẹ́ lè gbé ẹyin aràn wọ inú àgò, bí ẹran náà kò tilẹ̀ jáde síta rí.