Ọkọ̀ fíbà tuntun: ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará wa ní Tchetti, ní Doumè, ní Bantè àti gbogbo agbègbè wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kàn wá kan ọkọ̀ ojú omi? Àwa ò gbé etí òkun." Òótọ́ ni. Àmọ́ adágún Nangbéto ò jìnnà sí wa, ní òdìkejì ààlà Togo, níbi tí wọ́n ti sé odò Mono nítorí iná mànàmáná láti 1987. Odò Ouémé náà wà níbẹ̀. Bí ọmọ ilé kan bá ní iṣẹ́ ẹja lòun fẹ́ ṣe, ibẹ̀ ló máa lọ, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kotonu. Ta ló máa dá owó ọkọ̀ rẹ̀? Àwa ará ilé ni. Owó àjọ ni, owó kájú ni, owó iṣu ni. Nítorí náà, ẹni tó bá máa fowó sílẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó ń rà.

Igi ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ti wọ́n. Igi arère, tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ghana fún àwọn ọkọ̀ ńlá etí òkun títí dé Togo àti Benin, inú igbó jíjìn ni wọ́n ti ń wá a báyìí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fíbà (fibre de verre) fi ń pọ̀ sí i. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé èrò lórí ọ̀sà ló ti di fíbà. Fíbà kì í jẹrà, ikán kì í jẹ ẹ́, ó sì fúyẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ó lè lò tó ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀. Bí igi bá sán, bó bá ní ihò, ojú máa rí i. Fíbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán ló wà lóde. Iṣẹ́ tó dáa àti iṣẹ́ jákujàku, bákan náà ni wọ́n rí lójú lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà jáde. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ́n lóde, kòkòrò ló kún inú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ wo bí másọ̀nì ṣe ń da dáálì ilé. Irin wà nínú rẹ̀, sìmẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Irin nìkan ò lè di dáálì, sìmẹ́ǹtì nìkan á fọ́. Fíbà náà rí bẹ́ẹ̀. Òwú dígí tí wọ́n tẹ́ bí aṣọ ni irin rẹ̀. Rẹ́sìnì, omi kan tó ki bí oyin, ni sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Wọ́n á po oògùn tó ń mú un dì mọ́ ọn, nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 20 fún kílò rẹ́sìnì kan. Bí oògùn náà bá kéré jù, rẹ́sìnì ò ní dì tán láé. Bó bá pọ̀ jù, á gbóná jù, á dì kí wọ́n tó tẹ́ ẹ dáadáa, á sì máa sán.

Inú múùlù ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà. Awọ òde tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní gelcoat, ni wọ́n kọ́kọ́ ń kùn. Kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mílímítà lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ́ aṣọ fíbà, wọ́n á fi rẹ́sìnì rin ín gbingbin, wọ́n á yí róólò lórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á sì tẹ́ òmíràn lé e. Aṣọ fíbà tí wọ́n sábà máa ń lò, tí mẹ́tà kan níbùú lóròó rẹ̀ wọn gíráàmù 450, tó bá dì tán, nǹkan bíi mílímítà kan ló nípọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìdí ọkọ̀ nípọn mílímítà mẹ́fà, ìpele bíi mẹ́fà ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àbùkù ti ń wọlé. Ẹni tó fẹ́ jèrè á yọ ìpele kan tàbí méjì. Ẹni tó ń kánjú ò ní yí róólò dáadáa, afẹ́fẹ́ á há sínú. Ẹlòmíràn á da rẹ́sìnì púpọ̀ sí aṣọ díẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ á yá. Kò sí èyí tí ọ̀dà ò lè bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Éṣíà fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, ìgbì òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní tsunami gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn apẹja lọ ní Indonesia, Sri Lanka àti India. Àwọn tó fẹ́ ṣàánú sanwó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fíbà tuntun kíákíá. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà dáadáa kó wọ inú rẹ̀. Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ní láti kìlọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà kò ṣeé gbọ́kàn lé, ó sì rán àwọn tó máa kọ́ àwọn kanlékanlé ọkọ̀ níṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún àwọn apẹja níbẹ̀. Tiwa, owó wa ni.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti kùn tán. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tiyín, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀: ìpele mélòó ní ìdí, mélòó ní ẹ̀gbẹ́, mélòó níbi tí ẹ́ńjìnì máa dúró. Kí ẹnì kan nínú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tẹ́ aṣọ, kó ka ìpele. Ẹ wo ibi iṣẹ́ náà. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí aṣọ fíbà, tàbí tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ eléruku láìbò ó, ẹ ti rí ìdáhùn nìyẹn. Kí ẹ sì ní kí wọ́n má kun inú ọkọ̀ títí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ọkọ̀ bá parí

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan. Ojú, etí, ọwọ́, owó onírin àti tọ́ọ̀ṣì tó.

Àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí òde ọkọ̀, kí ẹlòmíràn wò ó láti inú. Bí awọ òde kò bá dúdú jù, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Bó bá mọ́lẹ̀ bákan náà káàkiri, ó dáa. Bí ibì kan bá mọ́lẹ̀ gan-an ju tibòmíràn lọ, ó fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Bí àwọn àmì funfun bá wà bíi pọnmọ́, afẹ́fẹ́ ló há sínú, tàbí rẹ́sìnì ò rin aṣọ.

Èkejì, ohùn. Ẹ mú owó onírin 100 fáráńkì, kí ẹ máa fi kan ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dún kán-kán. Níbi tó bá ti dún bọ̀-bọ̀ lójijì, tí kò sì sí igi tàbí fóòmù lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìpele ti yà kúrò lára wọn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́. Ẹ fi ìkúùkù ti ìdí ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ń wọlé tó ń jáde bí agolo òróró, ó fẹ́lẹ́ jù. Lórí omi, ìgbì á máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí á fi sán.

Ẹ̀kẹrin, imú àti èékánná. Fíbà tuntun máa ń rùn. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí òórùn náà ṣì ń ta ní imú, tàbí tí èékánná yín ń wọ inú rẹ̀, rẹ́sìnì náà kò dì tán.

Ẹ̀karùn-ún, etí àti ihò. Gbogbo ibi tí wọ́n bá gé, gbogbo ihò tí wọ́n bá lu, wọ́n gbọ́dọ̀ fi rẹ́sìnì dí i. Bí ẹ bá rí òwú funfun tó yọ síta, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé, bí omi ṣe ń gba ara fìtílà gòkè.

Ẹ̀kẹfà, ibi tí ẹ́ńjìnì máa dúró. Ibẹ̀ ló ń jìyà jù. Pákó contreplaqué tó nípọn ló máa ń wà nínú rẹ̀, tí fíbà bò ó yíká. Bí omi bá dé inú pákó náà, á jẹrà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sí i, kí ẹ fà á sókè sódò, kí ẹ máa wo igun méjèèjì. Kò gbọ́dọ̀ mì, kò gbọ́dọ̀ sán.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, iná wà. Ẹ gba ègé kékeré tí wọ́n gé níbi ihò omi, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sun ún níta gbangba, kí ẹ sì sá fún èéfín rẹ̀ nítorí pé májèlé ni. Rẹ́sìnì á jó tán, dígí á kù. Nínú gíráàmù 100 iṣẹ́ aṣọ fíbà lásán, nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 35 dígí ló yẹ kó kù. Bí ẹ bá rí 20, rẹ́sìnì ni wọ́n tà fún yín.

Ohun tó ń pa èèyàn jù

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọkọ̀ igi bá dojú dé, ó ṣì máa ń léfòó. Èèyàn lè rọ̀ mọ́ ọn títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Fíbà wúwo ju omi lọ. Bí kò bá sí fóòmù tàbí afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀, tí omi bá ti kún un, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, tòun tẹ́ńjìnì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ náà jẹ́ kílò 300. Nínú omi, ìwúwo rẹ̀ máa ku nǹkan bíi 100. Ẹ́ńjìnì á jẹ́ bíi 40. Èèyàn mẹ́fà tó rọ̀ mọ́ ọn, kílò mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Lítà fóòmù kan ń gbé nǹkan bíi kílò kan. Èyí já sí pé fóòmù inú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ tó àgbá epo 200 lítà kan, ó kéré tán. Bí kò bá sí fóòmù, bídọ́ọ̀nù 25 lítà mẹ́jọ tí wọ́n dé pa, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin lábẹ́ ìjókòó, lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lẹ́yìn, lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n kò dáa, nítorí pé epo bẹntiróòlù àti rẹ́sìnì máa ń yọ́ ọ.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ síbi tí omi ò ti jìn, ẹ bu omi kún inú rẹ̀ títí á fi kún ẹnu, kí èèyàn mélòó kan wọ̀ ọ́. Bó bá rì, ẹ dá a padà. Bó bá léfòó, tí kò fẹ̀gbẹ́ kan dà, iṣẹ́ ti ṣe nìyẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìdánwò yìí. Ẹni tó bá bínú, ẹ wá òmíràn.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nígbà tí wọ́n bá yọ ọkọ̀ kúrò nínú múùlù, kí èyí tó kù wà lọ́wọ́ yín títí omi á fi jẹ́rìí. Ọmọ yín ló máa jókòó sínú ọkọ̀ náà lóru, níbi tí kò sí ẹni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ bá a yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí, nígbà tó ṣì wà lórí ilẹ̀.