Ohun Tó Gbé Obìnrin Onídẹ Náà Dúró

Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú obìnrin náà. Ẹni tó bá ń gbé Albarika ní Parakou ti mọ ilẹ̀ pupa tó máa ń le koko lẹ́ẹ̀rùn. Ti Kùtọnú kò rí bẹ́ẹ̀: yanrìn ni, tóóró kan láàárín òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Nokoué. Orí irú ilẹ̀ yìí ni ère Amásónì, ọmọ ogun obìnrin ìjọba Dàhómì àtijọ́, dúró sí, èyí tí Ààrẹ Patrice Talon ṣí ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 2022. Ó ga ní mítà 30, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 150.

Mo rìn yí i ká. Gbogbo ènìyàn gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ère náà ni èmi ń wò. Li Xiangqun, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà, ló ṣe ère náà, ṣùgbọ́n idẹ tí ojú ń rí, awọ ni. Irin wà nínú bí egungun, òun ló ń gbé ẹrù náà lọ sínú ìpìlẹ̀. Ohun tó ga tó ilé alájà mẹ́sàn-án létí òkun, afẹ́fẹ́ ló yẹ kó máa bẹ̀rù ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ kò dẹ́kun láti fẹ́ bì í ṣubú. Ẹnjiníà ní láti mọ bí ìpìlẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó, kó sì rí i pé yanrìn kò ní rì lápá kan.

Iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí idẹ tàbí bàbà bá fara kan irin, tí omi iyọ̀ sì wọ àárín wọn, irin ni yóò dógùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ère Òmìnira ní New York nìyẹn. Gustave Eiffel ló ṣe egungun irin rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1886. Kó tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti ní láti fi irin tí kì í dógùn-ún rọ́pò àwọn ọ̀pá inú rẹ̀.

N kò lè dúró níbẹ̀ kí n má rántí Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhómì wà lára àwọn tó kọlu odi rẹ̀ ní 1851 àti 1864, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Kétu kò rí bẹ́ẹ̀ bọ́. Dàhómì pa á run ní 1886. Síbẹ̀ àwọn obìnrin yìí dojú kọ ìbọn Faransé láìsá, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ odi èbúté Kùtọnú kọjá. Odi lásán ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ayàwòrán àjọ̀dún Effet Graff ti kùn ún fún nǹkan bíi kìlómítà kan. Níbí náà, iyọ̀ tó ń gba inú búlọ́ọ̀kù jáde lè ṣí ọ̀dà kúrò, àfi bí wọ́n bá rẹ́ ògiri náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kan náà ni ní Albarika: bí a bá fẹ́ gbé ère sórí ààtàn àtijọ́, ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹrà, ilẹ̀ yóò sì máa rì. Ẹ kó o jáde títí dé ilẹ̀ tó le, kí ẹ tó pe oníṣẹ́ ọnà. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹnjiníà sára òkúta ìsàlẹ̀ ère náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníṣẹ́ ọnà.