Òkè Patti àti Odò Méjì: Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Ka Ọjọ́ ní Lọ́kọ́ja

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Òkè Patti, ẹsẹ̀ ni kó fi gùn ún. Ara ibi tí wọ́n ti gé òkè náà láti la ọ̀nà ni ìtàn ọ̀hún wà, mọ́tò á sì sáré kọjá rẹ̀.

Nísàlẹ̀, yanrìn tó dì di òkúta ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Mo fọwọ́ rà á, ó ń ya. Òkúta wẹ́wẹ́ roboto há sínú rẹ̀, ara wọn ń dán. Odò ló máa ń yí òkúta kiri títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Odò àtijọ́ ló kó wọn dà síbí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 70 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ènìyàn kankan ò tíì sí láyé. Àpáta líle tó wà lábẹ́ yanrìn yìí tún dàgbà jù ú lọ fíìfíì: ẹbí àpáta Olúmọ àti ti Ìdànrè ni, ó ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún.

Bí mo ṣe ń gòkè, amọ̀ ń yọjú láàárín yanrìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n débi ṣóńṣó, yángí gba ilẹ̀: ó pọ́n, ó wúwo, irin kún inú rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ló wà ní Agbájà, nílẹ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀. Yángí yìí ló bo òkè náà bí ìdérí. Òjò ń jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kò rí orí rẹ̀ jẹ, ìdí nìyẹn tí òkè tó ga tó nǹkan bí mítà 458 fi tẹ́ pẹrẹsẹ lórí.

Lórí ibẹ̀ ni igi oṣè ńlá àti ilé ìsinmi Lugard wà, ẹni tó fi Lọ́kọ́ja ṣe olú-ìlú Àríwá Nàìjíríà lọ́dún 1900. Ní ọ̀sán gangan, mo wo òjìji mi. Aago ti lu méjìlá, ṣùgbọ́n oòrùn ò tíì dé àtàrí. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlà 15° ní ìlà-oòrùn, tó gba Kamẹrúùnù àti Chad kọjá. Lọ́kọ́ja wà ní nǹkan bí 6°44′. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ayé fi ń yí ìwọ̀n dígírì kan, nítorí náà, bá a bá pín in dọ́gba láàárín ọdún, oòrùn Lọ́kọ́ja ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 rìn lẹ́yìn aago ọwọ́ wa.

Láti orí òkè yìí, mo rí Ọya tó ti Gínì wá, àti Bẹ́núé tó ti Kamẹrúùnù wá, tí wọ́n pàdé. Odò méjèèjì náà ní kàlẹ́ńdà tiwọn. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, omi òjò tó rọ̀ nítòsí máa ń mú wọn kún dé góńgó. Omi òjò tó rọ̀ ní òkè Gínì ní tiẹ̀ ń pẹ́ nínú irà Málì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wọ Nàìjíríà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àdúgbò Àdánkólò àti Gánájà, níbi tí omi ti wọ ilé onílé ní 2012, tó tún wọ̀ ọ́ ní 2022. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ nínú pálọ̀. Iṣẹ́ kan náà tí odò àtijọ́ ṣe tá a fi rí Òkè Patti ni Ọya àti Bẹ́núé ń ṣe lọ́wọ́. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí odò yìí, ìkún omi ló tẹ́ ẹ, kò sì tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń dun èèyàn láti rí ìpìlẹ̀ tuntun níbẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ létí odò tó bi onílẹ̀ ní iye owó, kó kọ́kọ́ bi àwọn apẹja ibi tí omi dé lọ́dún méjèèjì yẹn, kí ìjọba sì fi àmì sí ojú ibẹ̀ gan-an kí gbogbo ayé rí i.