Ìdí tí Debian Kì í Fi Kánjú

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 2025, ẹgbẹ́ Debian gbé ẹ̀dà tuntun jáde lára ètò tí wọ́n ń ṣe láti máa darí kọ̀ǹpútà. Trixie ni orúkọ rẹ̀, 13 sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù méjì ni ó wà láàárín rẹ̀ àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ́ lára pé kí ohun tuntun máa jáde lóṣooṣù lè béèrè pé: kí ní ń dá àwọn ènìyàn wọ̀nyí dúró? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, nítorí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbé ara lé ni ó ń lo Debian. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ Ubuntu lé, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004.

Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, ni ó kéde Debian ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1993. Orúkọ Debra, olólùfẹ́ rẹ̀, àti orúkọ ara rẹ̀ ni ó so pọ̀ tí ó fi sọ ọ́ ní orúkọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ni ó lè gbà á, kí ó tú u wò, kí ó sì tún un ṣe. Murdock kú ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ni ó ń tọ́jú àwọn ìdì ètò inú rẹ̀, tí iye wọn lé ní 69,000 nínú Trixie. Debian kì í san owó oṣù fún wọn. Bí ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí: kò sí ọ̀gá tí ó lè na ẹni tí ó pẹ́ dé oko ní pàṣán. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí ó lè fi àṣẹ lé wọn síwájú, òfin tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ni ó ń darí wọn.

Òfin náà pín iṣẹ́ sí ipele mẹ́ta. Ipele kìíní ni wọ́n ń pè ní Sid. Inú sinimá Toy Story ni Debian ti ń mú orúkọ, Sid sì ni ọmọkùnrin inú rẹ̀ tí ó máa ń ba ohun ìṣeré jẹ́. Ibẹ̀ ni ìdì tuntun ń kọ́kọ́ dé. Bí ó bá lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí àléébù ńlá tuntun lára rẹ̀, yóò kọjá sí ipele ìdánwò. Nígbà tí àkókò bá tó, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ipele ìdánwò náà díẹ̀díẹ̀. Fún Trixie, oṣù Máàṣì ọdún 2025 ni èyí bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, kò sí àyè fún àrà tuntun mọ́. Àtúnṣe nìkan ni ó kù. Ìdì tí àléébù rẹ̀ burú, tí kò sì rí ẹni tún un ṣe, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó ń di ipele kẹta, èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Sùúrù yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀dà Woody jáde ní oṣù Júláì ọdún 2002, Sarge kò sì tẹ̀ lé e títí di oṣù Júùnù ọdún 2005. Láàárín àkókò náà, ohun èlò tí Woody kò mọ̀ rárá ti kún ọjà, àwọn tí ń lò ó sì ń kùn. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ náà pinnu pé wọn yóò máa dá ìgbà fún títi ilẹ̀kùn ní ọdún méjì méjì, ṣùgbọ́n pé ìgbà tí iṣẹ́ bá pé ni ẹ̀dà yóò jáde.

Èrè rẹ̀ hàn ní ọdún 2024. Ẹnìkan tí kò sí ẹni tí ó mọ ojú rẹ̀ ti fi ju ọdún méjì lọ ran ẹni tí ń fi ọ̀fẹ́ tọ́jú ètò kékeré kan tí ń jẹ́ xz lọ́wọ́, títí ó fi di ẹni ìfọkàntán. Nígbà náà ni ó dá ihò ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀, èyí tí olè lè gbà wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Andres Freund, onímọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Sid ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wádìí rẹ̀, ó sì tú àṣírí náà ní ọjọ́ 29 oṣù Máàṣì. Ewu náà ti wọ Sid, ó ti wọ ipele ìdánwò. Kò ì tíì dé èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Síbẹ̀, ìdúró nìkan kò tó. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 2006, olùtọ́jú kan ní Debian ṣe àtúnṣe sí OpenSSL, ètò tí ń rọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí fún kọ̀ǹpútà, láìmọ̀ pé òun ti sọ kọ́kọ́rọ́ náà di èyí tí ọlọ́gbọ́n olè lè rọ irú rẹ̀. Àléébù yìí kọjá gbogbo ipele, ó bá ẹ̀dà Etch jáde ní oṣù Épírì ọdún 2007, kò sì hàn sí gbangba títí di oṣù Máàyù ọdún 2008. Sùúrù ń fún ojú ní àyè láti ríran ni. Kò lè ríran dípò ojú.

Àwọn tí ń jẹ àǹfààní Debian pọ̀ ju àwọn tí ń ru ẹrù rẹ̀ lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ni àjẹjẹ́ ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọ̀ràn xz fi hàn pé ibi tí ẹnìkan ti ń dá ṣiṣẹ́, tí ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Ẹni tí kò lè kọ ètò lè dán an wò nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń tì, kí ó sì sọ àléébù tí ó bá rí. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀wẹ̀.