Omi Tó Mọ́ Lójú

Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etídò ní Port Harcourt ní àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí omi ti fà, tí ẹrẹ̀ dúdú sì ti yọrí láàárín gbòǹgbò àwọn igi etí omi, yóò bá àwọn obìnrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ṣa ìṣáwùrú. Kò sì ní rìn jìnnà tí yóò fi rí ilé ìyàgbẹ́ onípákó tí wọ́n kọ́ sórí odò kan náà. Ẹni tó ń lò ó gbà pé òkun, alagbalúgbú omi, yóò gbé ìgbẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi odò Bonny tó gba ibẹ̀ ń fà tó sì ń kún: ohun tó gbé lọ láàárọ̀, ó lè dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nínú ìgbẹ́ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń bọ́ sómi: èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àti ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tó kéré débi pé bí a bá to 30,000 rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, wọn kò gùn tó mìlímítà kan. Àwọn ẹran inú ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, tí wọ́n ń sẹ́ omi tọ̀sán-tòru láti rí oúnjẹ, a máa kó o jọ sínú. Irú wọn tí àwọn ará Shanghai jẹ láìsè jinná ló kó àrùn ẹ̀dọ̀ ran nǹkan bí 300,000 ènìyàn ní 1988.

Abẹ́rẹ́ tó bọ́ sómi ṣòro í wá, áńbọ̀sì ohun tí ojú kò rí. Onímọ̀ yóò bu omi òkun tó lítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sẹ́ ẹ gba ara asẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì máa ń lẹ̀ mọ́, yóò sì ṣan asẹ́ náà, títí ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yóò fi wọ ìgò kékeré. Ó lè wá kán an sórí sẹ́ẹ̀lì alààyè, kó wò ó bóyá wọn yóò kú. Tàbí kó lo PCR, ọ̀nà tó ń ṣe ẹ̀dà àbùdá fáírọ́ọ̀sì, tó ń sọ ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé ní ìgbà ọgbọ̀n ó ti ju bílíọ̀nù kan lọ. PCR yá, ṣùgbọ́n kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Sẹ́ẹ̀lì lọ́ra, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì alààyè nìkan ló ń pa á.

Láti 2011 ni wọ́n ti ń bu omi gọ́tà wò ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ láti Kano, láti wá rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn àti Maiduguri. Nínú nǹkan bí igba ènìyàn tó bá kó o, ẹnì kan péré ló ń rọ: kí ọmọ kan tó tiro, omi ti mọ̀. Ní etíkun, inú òkun ni gọ́tà ń ṣàn sí.

Àyẹ̀wò kì í fọ omi mọ́. Ilé ìyàgbẹ́ orí odò ni a ó tú, ẹran odò ni a ó máa sè jinná. Àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò yẹ kí ojú àwa tí à ń jẹ alákàn kúrú ju tirẹ̀ lọ.