Férémù Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni a ń pe kẹ̀kẹ́ ológeere tí a ṣe fún ọ̀nà olókùúta, ojú ọ̀nà tóóró inú igbó àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Èyí tí wọ́n ń pè ní hardtail nínú wọn ni èyí tí fọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn apá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó di táyà iwájú mú, ní ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi láìní ṣọ́ọ̀kì kankan. Nítorí pé kò sí oríkèé lẹ́yìn tí yóò gbó, tí kò sì sí béárì inú oríkèé tí a ó máa pààrọ̀, kì í wọ́n tó kẹ̀kẹ́ tí ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú lẹ́yìn, òun sì ni ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan sábà máa ń yà sí. Férémù ni egungun tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níbi rírà á ni kí ènìyàn wo owó férémù nìkan, kí ó gbàgbé pé férémù náà ni yóò pàṣẹ irú fọ́ọ̀kì, họ́ọ̀bù, táyà àti bíréèkì tí òun yóò tún fi owó rà.

Àgbègbè Marin ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni irú kẹ̀kẹ́ yìí ti gbèrú. Láti 1976 ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń fi férémù Schwinn tí wọ́n ti ṣe láti àwọn ọdún 1930 figagbága níbi ìsọ̀kalẹ̀ òkè, tí gírísì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn a sì máa jó di èéfín kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀. Joe Breeze fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe férémù tí ó yẹ iṣẹ́ náà ní 1977, ilé-iṣẹ́ Specialized sì gbé Stumpjumper jáde fún ọjà gbogboogbò ní 1981. Ẹni tí ń wá férémù olówó pọ́ọ́kú lónìí kò yẹ kí ó tijú, nítorí férémù àlòkù ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe férémù ni ọ̀pọ̀ olùrajà kọ́kọ́ ń béèrè. Irin tí ó dára fún un ni kúrómólì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4130, irin tí wọ́n po kúrómíọ̀mù àti mólíbídénọ̀mù díẹ̀ mọ́ kí ó lè lágbára ju irin lásán lọ, kí páìpù rẹ̀ sì lè tinrín. Nínú férémù gidi, páìpù yìí a máa nípọn ní ìpẹ̀kun méjèèjì, níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ra, a sì máa fẹ́lẹ́ láàárín, níbi tí ìnira kò pọ̀ sí; Alfred Reynolds ti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló forúkọ ọgbọ́n yìí sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1897. Alumíníọ̀mù ní tirẹ̀ fúyẹ́. Bí a bá gé òun àti irin ní ìwọ̀n kan náà, ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí páìpù alumíníọ̀mù fi máa ń sanra. Irin lè fara da ìgbọ̀n tí kò kọjá ààlà kan títí láé, alumíníọ̀mù kò sì ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbọ̀n, bí ó ti wù kí ó kéré, ni ó ń kó jọ sí i lára, nítorí náà ó yẹ kí a mọ bí férémù rẹ̀ ti pẹ́ lójú ọ̀nà tó kí a tó dá owó lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn gan-an, nítorí èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ohun tó bá là, wẹ́dà á jó o. Férémù irin ṣeé jó lóòótọ́, bí wẹ́dà náà bá mọ ìwọ̀n iná, torí pé àárín páìpù rẹ̀ lè má nípọn tó mílímítà kan, iná tó bá pọ̀ jù yóò sì lu ihò sí i. Alumíníọ̀mù yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá jó irú èyí tí wọ́n ń pè ní 6061 tán, inú ààrò ni wọ́n tún máa ń gbé gbogbo férémù sí kí agbára rẹ̀ lè padà, nítorí náà èyí tí wẹ́dà ojú títì bá jó, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó, ti rọ̀ níbi tí iná ti kàn án. Kábọ́ọ̀nù àlòkù kì í ṣe fún ẹni tí ń ṣọ́ owó ná, nítorí inú rẹ̀ lè ti fọ́ kí òde tó mọ̀. Ní ti taiténíọ̀mù, tí kì í dípẹtà, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ló sábà máa ń jẹ olùrajà lówó ju ohun tí wọ́n fi ṣe férémù lọ. Orí férémù, ìyẹn páìpù kúkurú iwájú tí ọrùn fọ́ọ̀kì ń gbà kọjá, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n. Ọrùn fọ́ọ̀kì àtijọ́ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ínṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ti òde òní fẹ̀ dé ínṣì kan àbọ̀ nísàlẹ̀, irú èyí sì ni púpọ̀ nínú fọ́ọ̀kì tuntun tó ní láárí. Orí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 34 mílímítà kò lè gba ti òde òní; èyí tí ó jẹ́ 44 mílímítà lè gba méjèèjì bí a bá yan ife béárì tí ó bá a mu, nítorí náà férémù kúrómólì olórí 44 wà lára ohun tí owó kékeré lè rà láìkábàámọ̀. Àlàfo ẹ̀yìn tí họ́ọ̀bù ń wọ̀ jẹ́ 135 mílímítà tẹ́lẹ̀, ó di 142, ó tún di 148, họ́ọ̀bù ọ̀kan kì í sì í sábà wọ òmíràn láìsí ẹ̀yà àfikún. Férémù táyà ínṣì 26 wà ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé ayé ti lọ sí 27.5 àti 29; táyà rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì tuntun tó dára fún un ti ṣọ̀wọ́n. Ihò ìsàlẹ̀ tí ọ̀pá pẹ́dà ń gbà kọjá sàn kí ó jẹ́ onítírẹ́ẹ̀dì, tí a ń yí béárì sí, ju èyí tí a ń tẹ béárì wọ̀ lọ, kí férémù sì ní ojú ìdè bíréèkì onídíìsì.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní reach, ìyẹn bí orí férémù ṣe jìn síwájú ọ̀gangan ọ̀pá pẹ́dà tó, ló ń sọ bí ẹni tó dìde dúró lórí pẹ́dà yóò ṣe rí àyè. Òun ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń pe ìwọ̀n férémù kò bára mu. Igun orí férémù náà ti yí padà. Ní àwọn ọdún 1990, nǹkan bí dígírì 71 ni, ṣùgbọ́n hardtail tí a ṣe fún ìsọ̀kalẹ̀ lóde òní sábà ń wà láàárín 64 sí 66, èyí tí ó ti táyà iwájú síwájú kí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ má baà takìtì lórí hándù. Àwọn kan ń fi fọ́ọ̀kì gígùn sọ férémù àtijọ́ di ti ìgbàlódé: 20 mílímítà àfikún ń dín igun náà kù ní nǹkan bí dígírì kan, ṣùgbọ́n ó tún ń fi kún agbára tí fọ́ọ̀kì fi ń fa orí férémù ya, ibẹ̀ gan-an sì wà lára ibi tí férémù ti máa ń là.

Férémù àlòkù, ojú ọ̀sán gangan ni kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí olùrà nu ẹrẹ̀ abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ kúrò, kí ó sì fi èékánná fà á láti ẹ̀yìn orí férémù; bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ká jọ, tàbí tí èékánná kọ́ sí ìlà tó tinrín bí irun, ó ṣeé ṣe kí férémù náà ti fi orí gbá nǹkan rí. Kí ó fa ọ̀pá ìjókòó yọ: bí kò bá yọ, ìpẹtà lè ti so ọ̀pá alumíníọ̀mù pọ̀ mọ́ férémù irin, owó yíyọ rẹ̀ sì lè ju owó férémù lọ. Kí ó wá so okùn mọ́ ibi tí họ́ọ̀bù ń wọ̀ lápá òsì, kí ó fà á yí orí férémù po, kí ó mú un padà wá sí apá ọ̀tún. Bí àlàfo tó wà láàárín okùn àti páìpù ìjókòó kò bá dọ́gba lápá méjèèjì, férémù náà ti wọ́.

Férémù kò sì gbọdọ̀ gbé gbogbo owó lọ. Níwọ̀n bí hardtail kò ti ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn, táyà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀. Kí olùrà rí i pé ẹ̀yìn férémù fẹ̀ tó láti gba táyà ínṣì 2.4, kí ó sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra táyà gidi kí ó tó ra ohunkóhun tí ń dán.